Ohùn Tó Wà Nínú Dísìkì

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́," ni ọmọbìnrin tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ wí, ó sì fa àga súnmọ́ kọ̀ǹpútà. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló kó ọkàn ọ̀gá náà sókè. Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú ló ti ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ rédíò yìí, tí gbogbo òṣìṣẹ́ sì ń pè é ní Baba Ẹ̀rọ.

Ohun tó ṣe láàárọ̀ kò jọ àṣìṣe lójú rẹ̀. Àyè ti tán níbi tí wọ́n ń kó ètò pamọ́ sí, àwọn olóòtú kò sì jẹ́ kó gbádùn. Ó pa kọ̀ǹpútà náà, ó tún un tàn, ó sì rí orúkọ dísìkì méjì tí wọ́n tóbi bákan náà lójú kọ̀ǹpútà: sdb, tó mọ̀ pé ó kún fún ohùn àtijọ́, àti sdc, tí kò rí rí. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní dísìkì tuntun tí òun ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ni wọ́n gbé wá láìsọ fún òun. Igbákejì rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù pé kó dúró de òun, àmọ́ ta ló kọ́ ta níṣẹ́? Ló bá nu sdc mọ́ tónítóní.

Ọmọbìnrin náà tẹ multipath -ll, àṣẹ tó ń fi àwọn ọ̀nà tó lọ sí dísìkì hàn. Kọ̀ǹpútà kò fèsì. Ọ̀gá náà ti tẹ ẹ́ láàárọ̀. Ó rò pé bí kò bá ti sọ nǹkan kan, àlàáfíà ni. Igbákejì rẹ̀ wá béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ dísìkì kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà kan náà ló jáde lẹ́ẹ̀mejì.

"Dísìkì kan ṣoṣo ni sdb àti sdc, ọ̀gá," ó wí. "Wáyà méjì ló lọ síbẹ̀, kí ọ̀kan lè ṣiṣẹ́ bí èkejì bá já. Púrógíráàmù tó ń so wọ́n pọ̀ ni kò jí nígbà tí ẹ tún un tàn. Ló jẹ́ kẹ́ ẹ rí ọ̀kan bíi méjì."

Ó jí púrógíráàmù náà dìde. Ọ̀nà méjèèjì so pọ̀, wọ́n yè kooro, ilé òfìfo ni wọ́n sì já sí. Ó wá àwọn ohùn àtijọ́ náà títí di ọ̀sán. Ìpolówó ọṣẹ nìkan ló rí gbà padà. Àwọn ètò tuntun ní ẹ̀dà níbòmíràn. Ti àtijọ́ kò ní, nítorí Baba Ẹ̀rọ ń fòní dónìí, ó ń fọ̀la dọ́la.

Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ rédíò náà bínú gidigidi, ó ní kí Baba Ẹ̀rọ kọ̀wé ṣàlàyé ara rẹ̀. Ìyẹn kọ́ ló dùn ún jù. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló ń pa ìtàn fún àwọn ọmọdé lórí rédíò náà kó tó kú, inú dísìkì yẹn sì ni gbogbo ohùn rẹ̀ tó kù láyé wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín ni ìyàwó rẹ̀ ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé ìtàn kan péré sórí fóònù fún òun. Ọkọ á ní kó fọkàn balẹ̀, kò sí ibi tí ohùn náà ń lọ.

Bó ṣe ń lọ sílé, ó ń to irọ́ pọ̀. Ó lè ní iná mànàmáná ló ba ẹ̀rọ jẹ́. Ta ni yóò já a? Ó bá ìyàwó rẹ̀ lórí àga, tó ń ká aṣọ. Obìnrin náà wo ojú rẹ̀, ó bi í pé kí ló dé, irọ́ náà sì fò lọ.

"Ohùn Màmá ti lọ," ó wí. "Kì í ṣe iná, kì í ṣe ẹ̀rọ. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi nù ún."

Ìyàwó rẹ̀ ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán.

"Gbígbé e sórí fóònù tí mo bẹ̀ yín fún," ó wí, "ṣé ó le ni?"

Ì bá wù ú kó sọ pé ó le.

"Kò le. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni."

Obìnrin náà mú fóònù rẹ̀, ó wò ó, ó sì dojú fóònù náà dé sórí tábìlì.

"Mo ti pa púpọ̀ nínú fọ́tò wa rẹ́ lánàá," ó wí. "Mo ní kí àyè lè wà fún ohùn Màmá."