Ilé Wà fún Ẹbí Nìkan

Attracta Gilhooly kò yọ ọwọ́ nínú àpò kóòtù rẹ̀. Gbogbo ìlú Kilbrannock tò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan síbi àga iwájú tó jókòó sí, kí wọ́n bọ ọ́ lọ́wọ́, kí wọ́n kí i kú ara fẹ́ra kù, bí a ti ń ṣe fún gbogbo ẹni tó bá ṣòfò. Ṣùgbọ́n pósí ọkọ rẹ̀ ló tẹjú mọ́. Ẹni tó bá na ọwọ́ sí i, á dúró díẹ̀, á sì kó ọwọ́ rẹ̀ padà. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí nílùú wa, ká má parọ́.

Ó kan Packie Tansey. Òun àti Fintan, ọkọ Attracta, jọ dàgbà ni. Ó ti fá irùngbọ̀n, ó sì gé ara rẹ̀ níbi tó ti ń fá a. Ó na ọwọ́.

"Attracta, o kú ara fẹ́ra kù o."

"Ọwọ́ wo lo fẹ́ kí n fún ẹ?" Ohùn Attracta dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. "Nígbà tí òkú Fintan wà nílé lánàá, ta ló rí ẹ níbẹ̀? Ta ló rí ẹnikẹ́ni nínú yín?"

Packie kó ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde. Dervla, ọmọ kan ṣoṣo tí Attracta bí, tó ti Dublin wálé, jókòó ti ìyá rẹ̀, kò gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá wò ó dáadáa ì bá ti fura, ṣùgbọ́n ta ló ráyè wo ọmọ nígbà tí ìyá ń ṣe báyìí?

Ẹ má tíì dá obìnrin náà lẹ́bi. Nílùú wa, bí ènìyàn bá kú, a máa tẹ́ ẹ sí yàrá iwájú, ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ àti ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ á wọlé wá, wọ́n á fọwọ́ kan ọwọ́ òkú, wọ́n á mu tíì, wọ́n á sì rántí ìwà rẹ̀ títí wọ́n á fi rẹ́rìn-ín. Olè paraku pàápàá kú níbí rí, ilé rẹ̀ kún. Nítorí náà, nígbà tí Fintan kú, Attracta dá aago dúró, ó fi aṣọ bo dígí, ó sì pa rédíò, bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe. Ó gé búrẹ́dì, ó fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sáàárín rẹ̀ títí tábìlì fi kún. Ó to ife. Ó wá jókòó ti ọkọ rẹ̀ láti ọ̀sán.

Ẹnikẹ́ni ò wá. Fadá wá, àbúrò Attracta obìnrin wá láti Sligo, ó parí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, etí búrẹ́dì ti ń ká sókè. Attracta kó gbogbo rẹ̀ dànù fún àwọn adìyẹ.

Ohun tó dùn ún jù ni pé ó ti ṣèlérí fún Fintan. Fintan ló ń tọ́jú họ́ọ̀lù ìlú kí wọ́n tó tà á. Òrùlé ti bàjẹ́, kò sówó, Fintan sì na ọwọ́ sókè ní ìpàdé pé kí wọ́n tà á. Bàbá Packie wà lára àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn kọ́ họ́ọ̀lù yẹn. Láti ọjọ́ náà ni Packie ò ti bá Fintan sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí àìsàn wá dá Fintan dùbúlẹ̀, àràárọ̀ ló máa ń bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Bí mo bá kú, ṣé Packie á wá?" Attracta á ní, "Á wá. Gbogbo wọn ló máa wá. Jẹun."

Wọ́n sin Fintan, Dervla padà sí Dublin. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí Concepta Hanly, aládùúgbò wọn, tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé pẹ̀lú kéèkì tó fi aṣọ wé.

"Mi ò mọ̀ bóyá kí n wọlé o," ló wí.

"Kí ló dé? Ṣé mo máa ń géni jẹ ni?"

"Ìwọ náà kọ́ lo ní ká má wá? Mo ti yan kéèkì, mo ti wọ bàtà, ni rédíò bá ka ìkéde ikú: ilé wà fún ẹbí nìkan. Mo bá bọ́ bàtà mi. Gbogbo àdúgbò náà bọ́ tiwọn. Àfi Packie. Packie ò lè padà sílé. Ó dúró sójú ọ̀nà, lọ́wọ́ ìsàlẹ̀ géètì yín, nínú òjò títí ilẹ̀ fi ṣú, pé bóyá ẹnì kan á yọjú pe òun."

Attracta di etí tábìlì mú.

"Ta lo sì rò pé ó gbẹ́ sàréè ọkọ rẹ?" Concepta ò tíì parí. "Àwọn ọmọkùnrin tó fẹ́ bá a gbẹ́ ẹ, ó lé wọn. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ni, òun ló máa gbẹ́ ẹ. Òun lo wá sọ̀rọ̀ sí láàárín ṣọ́ọ̀ṣì! Áà, Attracta, kò dáa."

Dervla ló bá àwọn tó tọ́jú òkú sọ̀rọ̀. Dervla ló ṣètò ìkéde. Attracta mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọmọ òun ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ó mọ Concepta: ohun tó bá wọ etí rẹ̀ láàárọ̀, gbogbo ìlú á ti gbọ́ ọ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Jókòó," ló wí. "Jẹ́ kí n gbé omi kaná."

Bí Concepta ṣe jáde, ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Dervla, ìwọ lo ní kí wọ́n má wá?"

Dervla bú sẹ́kún. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ dákú lọ́jọ́ tí Dádì kú. Mo rò pé èrò á pa yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn ń ṣe ní Dublin níbí. Ìgbà tí mo wá rí i tẹ́ ẹ ń gé búrẹ́dì, mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo ń sọ fún ara mi pé wọ́n á ṣì wá."

Attracta fa àga, ó jókòó.

"Wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ ní iléèwé Kilbrannock, Màmá. Mo ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà wálé. Bí wọ́n bá gbọ́ pé èmi ni, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n? Ọmọ ta ni wọ́n á fún mi kọ́?"

Ọ̀rọ̀ kan dé ètè Attracta, irú èyí tí ìyá bá sọ, kò ṣeé kó mọ́. Orí ló yọ ọ́.

"Nu ojú ẹ," ló wí, ó sì pa fóònù.

Ó wọ kóòtù, ó rìn dé ilé Packie lẹ́bàá afárá. Packie ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, kò ní kó wọlé.

"Packie, mo wá bẹ̀ ẹ́."

"Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀." Ojú rẹ̀ ti wọnú. "Ṣé Fintan ló ní kí n má wá? Ṣé ó bínú sí mi títí ó fi kú?"

"Rárá o! Fintan? Ojoojúmọ́ ló ń bi mí pé ṣé wàá wá."

Packie fi èjìká ti ògiri. Omijé ń dà lójú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ nù ún. "Mo wá," ló ń wí. "Mo wá o. Mo wà níta níbẹ̀."

"Mo ti gbọ́. Dákun, Packie."

"Ta ló wá tì mí síta?"

Attracta wo bàtà rẹ̀. Yàrá òkè tí Dervla máa padà wá gbé ló sọ sí i lọ́kàn.

"Èmi ni," ló wí.

"Ìwọ?"

"Ó rẹ̀ mí. Mi ò fẹ́ rí ojú ẹnikẹ́ni."

"O tì wá síta, Attracta." Ó rọra ń sọ ọ́, bí ẹni pé ó fẹ́ kó yé òun fúnra rẹ̀. "Ìwọ kan náà lo tún dójú tì mí níwájú gbogbo ayé pé mi ò wá."

Packie nu ojú rẹ̀.

"Máa lọ sílé," ló wí. "Mi ò lè dárí jì ẹ́. Bóyá tó bá yá. Mi ò mọ̀."

Ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Fóònù ti ń dún nígbà tí Attracta wọlé. Kò bọ́ kóòtù kó tó gbé e.

"Màmá?" Dervla ni. "Ṣé ẹ ti rí àwọn ará ìlú? Ṣé ẹ sọ fún wọn pé èmi ni?"

"Kò sẹ́ni tó béèrè," ni Attracta wí. "Máa bọ̀ nílé."