Ikọ́ Tí Àyìsátù Gé

"Wo ẹnu bàbá mi," ni Èṣùgbàyí wí. "Wò ó dáadáa. Ẹnu ń sọ tirẹ̀, ohùn ń sọ tirẹ̀."

Ó fi ìka tẹ ojú kọ̀ǹpútà Àyìsátù agéfídíò títí ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀ fi hàn lára gíláàsì. Àyìsátù kò lè ní irọ́ ló ń pa. Nínú fídíò náà, bàbá àgbàlagbà kan jókòó sórí ibùsùn, ó ti pa ẹnu dé, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ṣì ń jáde: "Oko igi tíìkì tó wà lọ́nà Idigny, Thérèse ni mo fún."

"Ẹ̀gbọ́n, ohùn wọn náà nìyẹn," ni Àyìsátù fèsì. "Ó kàn ń pẹ́ dé ni."

"Ó ń pẹ́ dé. Ṣé ọkọ̀ Kútọnu ni ohùn ni? Níbẹ̀rẹ̀ fídíò, ẹnu àti ohùn bára mu. Ìgbà tó kan ọ̀rọ̀ oko ni wọ́n wá pínyà. Ṣé èmi lo fẹ́ fi ṣe ọ̀dẹ̀?"

Thérèse, àbúrò rẹ̀ obìnrin, jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò wo ẹnikẹ́ni. Òun ló fi fóònù rẹ̀ ya bàbá wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì kí bàbá tó kú. Òun náà ló gbé fídíò ọ̀hún wá fún Àyìsátù pé kó tún un ṣe, kí gbogbo ẹbí lè ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló pa á rẹ́ lórí fóònù, nítorí àyè ti tán níbẹ̀.

"Èmi ò ní kó fi ọ̀rọ̀ sí bàbá lẹ́nu," ni Thérèse wí.

"Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀." Èṣùgbàyí yíjú padà sí Àyìsátù. "Lọ́la, lọ́sàn-án, ẹbí máa jókòó ní Idigny. Wá ṣàlàyé fún wọn bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ láìla ẹnu. Bí o kò bá rí i ṣàlàyé, gbogbo Kétu ni yóò mọ̀ ọ́ ní ayédèrú. Màá rí i pé kò sẹ́ni tó tún gbé fídíò ìgbéyàwó wá fún ọ mọ́."

Ọdún mẹ́fà ni Àyìsátù ti ń gé fídíò nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Kò lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Orí fóònù ló ti kọ́ ọ, nínú agbo kan tí àwọn agéfídíò láti Kútọnu títí dé Dàkáà dá sílẹ̀. Faransé ni wọ́n ń kọ níbẹ̀, inú sì máa ń tètè bí wọn. Bí Èṣùgbàyí àti Thérèse ti lọ tán, ó kọ ìṣòro rẹ̀ síbẹ̀: fídíò tí wọ́n fi fóònù yà, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ohùn kò bá ẹnu mu mọ́.

Bienvenu, ọ̀kan lára àwọn alábòójútó agbo náà, ló kọ́kọ́ dáhùn. "Ẹnì kan bi wá léèrè èyí níjẹta. Ṣé ẹ ò lójú ni? Ẹ ka ohun tí a lẹ̀ mọ́ òkè." Ẹlòmíràn fi kún un pé: "Wọn ò mọ iṣẹ́, wọ́n ń gba iṣẹ́." Àwọn bíi mẹ́rìnlá fi àwòrán ẹ̀rín sí i lábẹ́.

Ìtìjú mú un, àmọ́ ó tẹ òkè náà. Òfin mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Ó mọ àkọ́kọ́ dáadáa, kò sì rú u rí: má fọwọ́ kan ojúlówó fídíò tí wọ́n gbé fún ọ, ẹ̀dà rẹ̀ ni kó o gé. Kò tíì kà á dé ìkeje rí.

Fóònù, ni òfin keje wí, kì í ya iye àwòrán kan náà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, ó lè ya ọgbọ̀n. Bí yàrá bá ṣókùnkùn, ó lè má ju mẹ́rìnlélógún lọ. Fóònù fúnra rẹ̀ mọ ìgbà tó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí gbogbo rẹ̀ fi ń bára mu lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò tí a fi ń gé fídíò lè kà á bíi pé ọgbọ̀n ni gbogbo wọn. Àwòrán á wá máa sáré ṣáájú díẹ̀díẹ̀, ohùn á kù sẹ́yìn. Ṣe ẹ̀dà tí iye àwòrán rẹ̀ dọ́gba kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé.

Àyìsátù rẹ́rìn-ín òun nìkan, bí ẹni tó tú aago palẹ̀ tó sì rí eyín tó há. Ó ṣe ẹ̀dà náà. Ẹnu bá ohùn mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó wá ku kó tún àwọn ibi tó ti gé tẹ́lẹ̀ gé. Ikọ́ ni. Thérèse ló bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ ikọ́ bàbá kúrò, kí àwọn ọmọ-ọmọ má baà máa fi ìyẹn rántí wọn. Lójú kọ̀ǹpútà, ikọ́ máa ń ga sókè lórí ìlà ohùn bí ilé ikán. Ibi tí Àyìsátù bá ti rí ilé ikán ló ti gé e, kò jẹ́ kó dún rárá. Mọ́kànlélógún ló fojú gé bẹ́ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀rù ń bà á, ó ki okùn ìgbọ́hùn bọ etí.

Nínú ikọ́ kẹtàdínlógún, ọ̀rọ̀ wà. Ó dá a padà, ó tún gbọ́ ọ. Ohùn bàbá ti há, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde: "Èṣùgbàyí, má bínú sí mi."

Àyìsátù yọ okùn náà létí. Bó bá gé e bó ṣe gé e tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ẹnu ti bá ohùn mu, orúkọ òun ti mọ́. Bó bá sì fi ojúlówó hàn wọ́n, ohun tí Èṣùgbàyí ń pariwo rẹ̀ ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ gbé kalẹ̀: pé òun fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ òkú.

Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe ń dúró de alùpùpù tí yóò gbé e lọ sí Idigny, Bienvenu tún kọ̀wé: "Ṣé ẹ ti kà á, àbí ẹ ṣì ń retí ẹni tó máa kà á fún yín?"

Ó dáhùn pé: "Mo ti kà á. Ó ku ọ̀kan tí ẹ ò kọ síbẹ̀: ẹ gbọ́ ikọ́ kẹ́ ẹ tó gé e." Kò dúró gba èsì.

Àwọn bíi mẹ́wàá ló jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá. Èṣùgbàyí nìkan ló dúró. "Ayédèrú ti dé," ló wí.

Àyìsátù kí wọn lórí ìkúnlẹ̀. Ó fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀ nínú àpò, fóònù tó ti da ojúlówó fídíò náà kọ sí ló mú jáde. "Ojúlówó rèé, bó ṣe wà látilẹ̀wá. Ẹ ó rí i pé ẹnu àti ohùn bára mu. Ẹ ó sì rí ohun tí mo gé."

"Ṣé ẹ gbọ́?" Èṣùgbàyí wo àwọn ẹbí yíká. "Ó ti jẹ́wọ́."

"Ikọ́ ni mo gé, ẹ̀gbọ́n. Mi ò gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí n tó gé e. Ẹ̀bi mi nìyẹn."

"Jẹ́ kó dún," ni Kàdíjátù wí, àbúrò bàbá wọn tó kù láyé. "Ẹ ti pariwo tó."

Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ oko tíìkì, Kàdíjátù tẹ orí sún mọ́ fóònù náà. "Ó bára mu," ló wí. "Ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ló ń sọ ọ́."

Thérèse bú sẹ́kún. "Ó ṣì kù, màmá," ni Àyìsátù wí fún Kàdíjátù.

Ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ó gùn, ó le, Thérèse fi ọwọ́ di etí. Ohùn náà wá yọ láàárín rẹ̀.

"Ó pe orúkọ mi," ni Èṣùgbàyí wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ sì gé e."

"Mo gé e."

Ó já fóònù náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, kò rí ibẹ̀. "Ibo ló wà?" Àyìsátù wá ibẹ̀ fún un. Ó gbé e sétí, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀yìn ló kọ sí àwọn ẹbí.

"Mi ò tíì gbà fún Thérèse lórí oko yẹn," ló wí, kò yíjú padà. "Ojú ayédèrú ni mo ṣì fi ń wò ọ́."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Dá ikọ́ wọn padà. Gbogbo ẹ̀. Ibí lo ti máa ṣe é, lójú mi."

Àyìsátù jókòó sórí ẹní, ó yọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ jáde. Ó ki ẹnu okùn ìgbọ́hùn kan bọ etí ara rẹ̀, ó na èkejì sí i. Èṣùgbàyí wò ó fún ìgbà díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó sì gbà á. Láti ikọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.