Ẹ̀rí Tó Wà Lábẹ́ Sìmẹ́ńtì

Àyà agbaṣẹ́ṣe tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Gúnrégé ń lù kì-kì-kì bí ó ti dúró níwájú ògiri pálọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹ̀rù wà nínú lílù náà, ṣùgbọ́n ayọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tí ó ń wá kò jìnnà sí i ju ìbú ìka kan lọ. Ojú ibi tó wà gan-an ni kò mọ̀.

Tíṣà ló ni ilé náà, ìyá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Òun ló kọ́ Gúnrégé ní kíláàsì kejì. Nínú àwòrán ilé tí ìjọba fọwọ́ sí, òpó kan wà láàárín pálọ̀ tó yẹ kó gbé ògiri yàrá òkè ró. Wọn kò kọ́ òpó náà. Ní báyìí, ògiri yàrá òkè ti sán láti ojú fèrèsé dé ilẹ̀, ìka ọmọdé sì lè wọ inú rẹ̀. Tíṣà ní agbaṣẹ́ṣe ló dá a ṣe. Gúnrégé ní Tíṣà ló ní kí òun yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́. Kò sí ìwé kankan láàárín wọn. Obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò ilé fún ìjọba ti dé, fáìlì wà lábẹ́ abíyá rẹ̀, ó sì ti sọ ọ́ láìfi epo bọyọ̀: bí ó bá jẹ́ pé agbaṣẹ́ṣe ló dá yọ òpó, òun yóò gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ lọ lónìí, kò sì ní kọ́ ilé fún ẹnikẹ́ni mọ́.

"Ìwé wà, mà," ni Gúnrégé wí. "Ara ògiri yìí ló wà. Tíṣà fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sára búlọ́ọ̀kù kí a tó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Ibẹ̀ náà ni àwa bíríkìlà ń kọ gbogbo nǹkan sí: ìwọ̀n ilẹ̀kùn, iye àpò sìmẹ́ńtì."

"Ẹ wá fi sìmẹ́ńtì bo ìwé yín mọ́lẹ̀," ni aláyẹ̀wò wí. "Ẹ kú ọgbọ́n."

Tíṣà fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ níbi tó jókòó sí. "Èmi ni mo kọ̀wé sára ògiri? Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ mú ọ kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ní kíláàsì kejì? Ó dáa. Ihò kan ṣoṣo ni mo fún ọ. Bí o bá lu èkejì, o jẹ̀bi."

Aláyẹ̀wò mi orí pé ó bójú mu.

Gúnrégé fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó jẹ́ ẹsẹ̀ márùn-ún. Ó tún un wọ̀n, ó di mẹ́fà. Ó gbé òòlù sókè.

"Àna mi, ẹ dúró."

Ọkọ àbúrò Gúnrégé ni, òun ló rẹ́ gbogbo ògiri ilé náà. Láti àárọ̀ ló ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀ ló ń wò bí ó ti ń sọ ọ́. "Ìkọ̀wé ọwọ́ Tíṣà ni. N kò lè fi sìmẹ́ńtì pa á rẹ́. Mo fi bébà àpò sìmẹ́ńtì bò ó kí n tó rẹ́ ibẹ̀."

"Bébà lẹ tẹ́ sábẹ́ sìmẹ́ńtì?" Aláyẹ̀wò ti fa bírò yọ. "Màá kọ ìyẹn náà sílẹ̀."

"Ẹ kọ ọ́, mà," ni Gúnrégé wí. "Ẹ ṣáà jẹ́ ká kọ́kọ́ rí i."

Ara Gúnrégé yá gágá. Níbi tí bébà bá wà, sìmẹ́ńtì kò ní lẹ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù. Ohùn ibẹ̀ yóò yàtọ̀. Ó sọ òòlù sílẹ̀, ó lẹ etí mọ́ ògiri, ó sì ń fi ìka kàn án bí àlejò tó ń kanlẹ̀kùn. Kó. Kó. Kó. Ó sún mọ́ fèrèsé. Kó. Kó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀.

Gbòò.

Tíṣà ti dìde lórí àga kí ó tó mọ̀ pé òun dìde. "Kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i."

Gbòò.

Gúnrégé fi irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ lé ibẹ̀, ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, sìmẹ́ńtì náà sì ṣí bí èèpo ẹyin. Ó fa bébà. Ìkọ̀wé kan jáde, ó rí roboto, ó dúró ṣánṣán bí ti ojú pátákó: *Òpó tó kọjú sí ibí yìí, ẹ yọ ọ́. Yóò máa dí mi lójú.* Ìbuwọ́lù wà nídìí rẹ̀, ọjọ́ sì wà pẹ̀lú.

"Wọ́n ní bí ògiri bá lanu, aláǹgbá á wọ̀ ọ́," ni àna rẹ̀ wí. "Tiwa lanu, ìwé ló jáde."

Tíṣà wọ awò ojú rẹ̀. "Ọwọ́ mi ni. Mo ti gbàgbé pátápátá." Ó tẹ̀ síwájú. "Kí ló kù nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Gúnrégé, nítorí pé ìgbà yẹn ni òun náà rántí. Igun kan ṣì wà lábẹ́ sìmẹ́ńtì. Kò sí ẹni tó lè fipá mú un ṣí i. Ó lè ní kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Tíṣà ń wò ó bí ó ti máa ń wò ó nígbà tó bá bi í pé ta ló jí ṣọ́ọ̀kì. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Ìkọ̀wé òun fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó wọ́ bí ẹsẹ̀ adìyẹ: *Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kò séwu.*

Aláyẹ̀wò kà á sókè. "Onílé lè béèrè ohunkóhun, kò kọ́ṣẹ́ ilé kíkọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí òpó ń gbé. Kí ló dé tí ẹ kò sọ pé rárá?"

"Tíṣà mi ni, mà. Ẹnu mi kò gbà á."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́ báyìí?" ni Tíṣà béèrè.

"Mọ́kànléláàádọ́ta, mà."

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín, aláyẹ̀wò náà kò lè mú tirẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, aláyẹ̀wò ṣe ìdájọ́. Ẹ̀bi náà di ti ẹni méjì: Tíṣà yóò ra irin àti sìmẹ́ńtì, Gúnrégé yóò fi igi gbé yàrá òkè ró lónìí, yóò sì kọ́ òpó náà láìgba owó iṣẹ́. Ìwé àṣẹ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí òpó náà bá bá àwòrán mu nígbà tí òun aláyẹ̀wò bá padà wá.

"Ó tọ́," ni Tíṣà wí. "Àmọ́ bí o bá ń kọ́ ọ, sún un sápá ògiri díẹ̀ fún mi. Díẹ̀ péré."

Gbogbo ojú wá sára Gúnrégé. Àyà rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀, kì-kì-kì.

"Rárá, mà."

Tíṣà na ọwọ́ gba pẹ́ńsùlù tó wà lẹ́yìn etí Gúnrégé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi ògiri, ó sì fa igi lé *Kò séwu* láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó kọ *Rárá* sábẹ́ rẹ̀, ó sì máàkì í.

"O gbà á," ló wí.