Màmá Ní Òun Ń Lọ

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n Olúkúnlé kò kọbi ara sí i títí tí tirẹ̀ fi dé.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Ìkàrẹ́ ní Úsẹ̀lú nílùú Bìní, nígbà tí Kérésì ku díẹ̀, ẹrù tó kó dání tó ohun tí afọ́jú pàápàá yóò rí. Báàgì ńlá méjì, ìrọ̀rí, àwòrán bàbá Olúkúnlé tó ti dolóògbé tí wọ́n fi ìró wé, àti ọlọ pẹ̀lú ọmọ ọlọ. Ọlọ! Ta ló ń ru ọlọ láti Ìkàrẹ́ wá ṣe Kérésì ní Bìní, níbi tí ẹ̀rọ ìlọta ti ń pariwo ní gbogbo kọ̀rọ̀?

"Màmá, òkúta lẹ tún kó wá yìí?" Olúkúnlé ń mí hẹlẹhẹlẹ bó ṣe ń gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ata ẹ̀rọ ò dùn lẹ́nu mi," ni gbogbo ohun tó sọ.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Màmá ti sọ àbọ̀ tirẹ̀, ọlọ sì ti bá a sọ ìyókù. Kì í ṣe Kérésì ló bá wá, ó wá gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ni. Ó ti fi àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún aládùúgbò, ó ti fi yàrá iwájú háyà fún tíṣà kan, nítorí láti ìgbà tí bàbá ti lọ, àárọ̀ ọjọ́ a máa mọ́ kí ó má rí ẹni tí yóò kí. Ṣùgbọ́n ìyá tó bímọ kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọ. Ọmọ ló yẹ kó la ẹnu pé, "Màmá, ẹ ò padà mọ́ o." Gbólóhùn yẹn ni obìnrin náà wá dúró dè ní Bìní, ẹnu Olúkúnlé nìkan ló sì lè ti jáde.

Olúkúnlé wá jẹ́ ẹni tí iṣẹ́ ti gba ẹnu lọ́wọ́ rẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní GRA ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ni ọ̀gá àwọn tó ń gbàlejò lẹ́nu ọ̀nà. Bí oṣù Kejìlá bá sì ti wọlé báyìí, gbogbo àwọn ọmọ Bìní tó wà ní Ítálì àti Jámánì ni yóò rọ́ dé, tàwọn ti bàtà funfun àti òórùn lọ́fínńdà, wọn ò sì ní sùn sílé baba wọn níbi tí kò sí ẹ̀rọ amúlétutù. Láti ìdájí tí ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú ni Olúkúnlé ń tẹrí ba, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń sọ pé "Welcome, sir," fún ẹni tó ń bọ̀ àti "Safe journey, ma," fún ẹni tó ń lọ. Morọ́láyọ̀ ìyàwó rẹ̀ náà ò gbélé. Aṣọ ọmọdé ló ń tà ní Úsẹ̀lú, àsìkò Kérésì sì ni ọjà rẹ̀ máa ń yá jù lọ́dún.

Ìdùnnúolúwa, ọmọbìnrin wọn, ló wá ṣẹ́ kù sílé pẹ̀lú Màmá. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n kò jẹ́ fi dáhùn. Màmá á ki í ní oríkì láàárọ̀, á ki í dé orí baba ńlá rẹ̀, ọmọ á rẹ́rìn-ín, á ní, "Grandma, you too sabi talk!" lẹ́yìn náà á tún gbé fóònù rẹ̀. Kò sí ìwọ̀sí kankan nínú rẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé ìyá àgbà ò mọ Pidgin, ọmọ ò sì mọ ohun tí wọ́n ń fi oríkì ṣe.

Ohun kan ṣoṣo ni Màmá béèrè. "Kúnlé, wọ́n ní wọ́n ti tan iná mèremère sí Ring Road láàárín ìlú."

"Màá mú yín lọ, Màmá. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ dẹwọ́ díẹ̀."

Iṣẹ́ ò dẹwọ́. Lọ́jọ́ Kérésì gan-an, Màmá lọ ata lórí ọlọ rẹ̀, ó se ọbẹ̀ adìyẹ tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ni Olúkúnlé wọlé tòun ti ráìsì òtẹ́ẹ̀lì nínú ike. Ó ti jẹun níbi iṣẹ́. Ó ṣí ìkòkò, ó ní ó mà dára o, ó ní kí wọ́n bu tòun sínú fíríìjì. Bánga táwọn ọmọdé ń yìn ń dún lójú títì bí ẹni ń ja ogun. Màmá bu ọbẹ̀ náà sí fíríìjì, ó sì lọ jókòó.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìgbà náà, ní àárọ̀, Olúkúnlé dúró níwájú dígí, ó ń so táì mọ́rùn. Morọ́láyọ̀ ti lọ sọ́jà. Màmá ti wẹ̀, ó ti wé gèlè, ó jókòó sórí àga, ó kó ọwọ́ lé itan.

"Kúnlé, ó jọ pé màá máa lọ o. Ẹ ti tọ́jú mi, ẹ ṣeun."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ mọ èsì ọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ ọ́n. Bí àgbàlagbà bá ní òun ń lọ, ńṣe là ń pariwo lé e lórí: "Lọ síbo? Ẹ ò tíì lọ o! Kí la fi ṣẹ̀ yín?" Yóò ní rárá, a ó tún bẹ̀ ẹ́, yóò wá tú báàgì rẹ̀ palẹ̀ bí ẹni pé a fi ipá mú un, inú rẹ̀ á sì máa dùn wọnú egungun. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọdún tí Olúkúnlé ti fi ń sin àlejò dé ẹnu géètì ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹni tó bá ní òun ń lọ ní òtẹ́ẹ̀lì tiwọn, lílọ ló ń lọ.

"Ó dáa, Màmá," ó sọ ọ́ sínú dígí. "Ẹ jẹ́ ká tètè jáde kí ọkọ̀ àárọ̀ tó kún."

Màmá tún gèlè rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ó tún un sọ, ó rọra ń sọ ọ́, bí ẹni ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọmọ tó fẹ́ẹ́ wọlé. "Mo ní, ó jọ pé màá máa lọ."

"Mo gbọ́, ma. Títílọpẹ́ àbúrò mi náà á ti máa retí yín."

Ohun tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé ara Olúkúnlé fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ iná Ring Road ti ń dà á láàmú, ó sì rò pé ó ti parí nìyẹn.

Ìdùnnúolúwa ló gbójú sókè nínú fóònù. "Grandma, you dey go? Why?"

"Bàbá rẹ níṣẹ́, ọmọ mi," ni Màmá fi dá a lóhùn.

Ní Úsẹ̀lú, Olúkúnlé gbé ọlọ náà sẹ́yìn ọkọ̀, ó bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ pé kó rọra máa wakọ̀ fún ìyá òun. Ọkọ̀ ò tètè kún. Ó ń wo aago, ó ń wo aago, títí ìyá rẹ̀ fi ní, "Máa lọ, má pẹ́ débi iṣẹ́." Ó lọ lóòótọ́. Nígbà tí ọkọ̀ Ìkàrẹ́ gbéra, kò sẹ́ni tó dúró ju ọwọ́ sí i.

Nígbà tí Morọ́láyọ̀ dé, ó bá yàrá Màmá ní òfìfo.

"Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ. Àwọn ni wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ máa lọ."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní ó dáa."

Morọ́láyọ̀ jókòó wọ̀ọ̀ sórí àga. "Olúkúnlé, ìyá tó gbé ọlọ wá? O ní ó dáa fún ìyá tó gbé ọlọ wá?"

Olúkúnlé pe Títílọpẹ́ àbúrò rẹ̀ lórí fóònù nílé ọkọ rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, ibẹ̀ ló ti gbọ́ ti ewúrẹ́, tó gbọ́ ti yàrá iwájú. "Brọ̀dá mi, yàrá ẹ̀yìn tí a ń kó iṣu sí ni wọ́n wà báyìí," ni Títílọpẹ́ sọ, ó sì gé fóònù. Ojú ti Olúkúnlé nínú ilé ara rẹ̀. Ó pe ìyá rẹ̀, ó bi í bóyá ọ̀nà dára. Ìyá náà ní òun ti délé láyọ̀, ó bi í bóyá ó ti jẹun.

Ọ̀gá rẹ̀ kò fún un láyè títí ọdún fi yí. Ọjọ́ tí wọ́n fún un láyè, kò dúró jẹun kó tó gba ọ̀nà Ìkàrẹ́. Bó ṣe kan ilé ni Ìyá Adékọ́lá, aládùúgbò tí àwọn ewúrẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kígbe láti ìloro rẹ̀: "Káàbọ̀ o, ọmọ dáadáa!" Olúkúnlé rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó yára wọlé.

Yàrá ẹ̀yìn náà há, òórùn iṣu wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, ẹ dákun. Ẹ ò padà síbí mọ́, ọ̀dọ̀ wa lẹ ó máa gbé. Mi ò mọ̀ ni."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Dìde, eruku ti ba aṣọ rẹ jẹ́."

"Mi ò dìde, àfi tẹ́ ẹ bá ní ẹ ń bọ̀."

Màmá mí kanlẹ̀. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ì bá sì sàn kó wà níbẹ̀. "Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ yẹn, wọ́n bi mí léèrè pé ṣé bọ́mọ mi ṣe jẹ́ kí n padà nìyí, tòun ti ẹrù. Mo ní o bẹ̀ mí. Mo ní o dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ìyàwó rẹ bú sẹ́kún, èmi ni mo fárígá pé mi ò lè gbé ìlú aláriwo. Gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́ ọ. Bí mo bá wá tẹ̀lé ọ lónìí, wọ́n á mọ̀ pé irọ́ ni. Wọ́n á mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Olúkúnlé, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Ibi tí Olúkúnlé dọ̀bálẹ̀ sí náà ló ṣì wà tí Ìyá Adékọ́lá fi wọlé pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì ọdún tuntun.

"Ẹ ẹ̀ rí i? Ó tún wá bẹ̀ wọ́n! Irú ọmọ wo rèé? Ìyá rẹ ti ròyìn fún wa bí o ṣe sunkún tó." Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé Olúkúnlé lórí. "Bí o ti ṣe fún ìyá rẹ yìí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ọmọ tìrẹ náà yóò ṣe fún ọ."

"Àmín," ni Olúkúnlé sọ, nítorí kò sí ohun mìíràn téèyàn lè sọ.

Ó gbójú sókè wo ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti bí i, Màmá ò jẹ́ kí àdúrà ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ lọ láìfi ohùn rara gbè é lẹ́sẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pa ẹnu mọ́, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀ pé rárá, kò sì ṣe àmín.