Ohun Tí Bíró Pupa Bá Pa Rẹ́

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń lọ sọ́dọ̀ Màmá Bíró, èmi nìkan, òun nìkan, tábìlì kan láàárín wa. Ìwé ìtàn kan ṣoṣo ló kọ láyé rẹ̀, àmọ́ gbogbo ẹni tó kà á ló ń sọ pé kò sí ọ̀rọ̀ kan téèyàn lè yọ kúrò níbẹ̀. Ìyá mi ló ń rán aṣọ fún un, ìdí nìyẹn tó fi gbà láti kọ́ mi ní ìtàn kíkọ.

Àṣẹ rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: "Ohun tí kò bá ṣiṣẹ́ nínú ìtàn, yọ ọ́." Kì í sì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ nǹkan kan. Á na bíró pupa sí mi, á ní kí n fa ìlà náà fúnra mi.

Ìtàn ilé wa ni mò ń kọ. Lọ́sẹ̀ kìíní, ó ní aago ara ògiri tí mo kọ sójú ewé kìíní kàn ń pariwo lásán ni. Mo fa ìlà lé e lórí. Nígbà tí mo délé, ìṣó nìkan ló kù lára ògiri.

"Màámi, aago wa ńkọ́?"

Ìyá mi ò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ. "Aago wo? Ṣé orí ẹ pé ṣá? Ìgbà wo la ní aago rí?"

Lọ́sẹ̀ kejì, ikọ́ bàbá mi la yọ. Ọdún mẹ́ta ni ikọ́ náà ti ń bá a fínra. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo dúpẹ́ nínú mi, mo sì panu mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta la dé orí àbúrò mi. Aláròyé là ń pè é nílé, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Kí n tó jáde lọ́jọ́ náà, ó tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà.

"Àǹtí mi, ṣé mo wà nínú ìtàn yẹn? Ẹ jẹ́ kí n rẹwà o! Ẹ má kọ ọ́ pé mo máa ń hanrun!"

"Bó o bá lè panu mọ́ fún ìṣẹ́jú kan péré, màá fi adé lé ẹ lórí."

Màmá Bíró ka ewé náà tán, ó mi orí. "Ọmọ yìí kàn ń sọ̀rọ̀ ni. Kò ṣiṣẹ́ kankan. Yọ ọ́."

"Àbúrò mi ni, mà."

"Mo mọ̀. Ìtàn ẹ á wá dà bíi tèmi."

Mo wo yàrá rẹ̀ bí ẹni tí kò wọ ibẹ̀ rí. Àga mẹ́fà ló yí tábìlì oúnjẹ ká, eruku bo márùn-ún. Fọ́tò méje ló wà lára ògiri, kò sì séèyàn nínú ìkankan: àga, kọ́tìnì, òdòdó. Nínú ọ̀kan, bàtà ọmọdé méjì dúró lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Mà, àwọn ọmọ yín dà?"

Ó ronú pẹ́, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́. "Ọmọ? Ṣé mo bímọ ni?" Ó tún na bíró náà sí mi.

Mo gbà á. Ká má purọ́, ìtàn tó dára wù mí ju oúnjẹ lọ. Mo gbé ẹnu bíró lé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Aláròyé sọ, mo fà á dé ìparí gbogbo ohun tó sọ lójú ewé náà. Ó ku orúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé ó ní kí n jẹ́ kí òun rẹwà. Mo ju bíró sílẹ̀, mo kó ìwé mi, mo sá.

Aláròyé ló ṣílẹ̀kùn. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ó ń na ọwọ́ sí ìwé mi, àmọ́ mi ò gbọ́ nǹkan kan.

"Kí ló ṣe tó ò ń wò ó báyẹn?" ni ìyá mi wí. "Àbúrò ẹ tí kò sọ̀rọ̀ rí láyé?"

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ṣí ewé tuntun. Mo kọ gbogbo ohun tí mo rántí pé ó sọ rí: ẹjọ́ wẹ́wẹ́, òfófó, àwàdà tí kò pa ẹnì kankan lẹ́rìn-ín. Mi ò yọ ìkankan. Ìka mi ti ń ro mí nígbà tí mo dé ewé kẹrìnlá. Ohùn kan wá lẹ́yìn mi, ó tín-ín-rín bíi pé inú ìkòkò ló ti ń bọ̀.

"Àǹtí mi... mi ò kì í hanrun."

"Irọ́ ni, o máa ń hanrun," ni mo wí. Mi ò bojú wẹ̀yìn, mi ò sì gbé bíró sókè. "Ṣáà máa sọ̀rọ̀ lọ."