Ọ̀nà Ọjọ́ Méjì

Wákàtí méje péré ni bàálù ń lò láti ìlú tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé dé pápákọ̀ òfuurufú tiwa níbí. Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ni mò ń tà, òun ló ń bọ́ mi, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa bá mi jiyàn ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà jìn lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá jẹun alẹ́ lọ́hùn-ún á mu tíì àárọ̀ nílé wa.

Ọjọ́ méjì ni bùọ̀dá sọ fún màmá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní "ó", ọ̀wọ̀ tiẹ̀ ti tán lẹ́nu mi. Màmá wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn ní yàrá ẹ̀yìn, wọ́n á gba fóònù lọ́wọ́ mi: "Ọmọ mi, ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Màmá, ọ̀nà jìn. Ọjọ́ méjì gbáko lójú òfuurufú. Ibi iṣẹ́ ò lè fún mi láyè."

Gbogbo ẹni tó bá wá kí Màmá ni wọ́n ń sọ ọ́ fún, pàápàá ìyá oníbúrẹ́dì, aládùúgbò wa: ọmọ àwọn ò kọ àwọn sílẹ̀ o, ọ̀nà ló jìn. Kí ni kí n wá sọ? Tí mo bá tú u fó, Màmá ló máa dùn jù. Mo gbé e mì, inú sì ń bí mi lójoojúmọ́.

Nígbà tí Màmá kú, bùọ̀dá pè, ó ń sunkún. Mo sọ fún un pé ọ̀la ni ìsìnkú, torí Màmá ti ní a ò gbọdọ̀ fi òkú àwọn ṣọjọ́.

"Àbúrò mi, bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má dé pósí o. Mo fẹ́ rí ojú wọn."

Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, èyí tí mo bá rà ni gbogbo ẹbí wa ń wọ̀, kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bàálù tó ń bọ̀ tààrà wà lójú kọ̀ǹpútà, àyè sì ṣófo nínú ẹ̀. Mo fò ó kọjá. Mo ra èyí tó máa jẹ́ kó sùn lórí bẹ́ǹṣì nílùú onílùú, tó máa gbé e gba orí òrùlé wa kọjá, kó tó tún dá a padà. Ọjọ́ méjì gbáko. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a.

Àwọn ẹbí ní ká dúró de àkọ́bí. Mo ní, "Ṣé ẹ ò gbọ́ lẹ́nu Màmá ni? Ọjọ́ méjì ni." Wọ́n mirí. A sin Màmá.

Bùọ̀dá wọ́ ẹsẹ̀ wíwú wọ àgbàlá, ó bá yẹ̀pẹ̀ tútù lórí sàréè Màmá. Ìyá oníbúrẹ́dì gba báàgì lọ́wọ́ ẹ̀. "Kú ewu, ọmọ mi. Ọjọ́ méjì lófuurufú kì í ṣeré. Ìyá ẹ ò jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹ láìda rí."

Èmi ni bùọ̀dá kọjú sí. "Ṣé kò sí bàálù tó ń bọ̀ tààrà ni?"

"Ó wà, bùọ̀dá mi. Wákàtí méje ni. Ó wà nígbà tí Màmá ń bi yín náà."

Ìyá oníbúrẹ́dì wò mí, ó wò ó. Ó rọra gbé báàgì náà sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ bùọ̀dá, ó sì gba ilé tiẹ̀ lọ.