Ojú Pásítọ̀ Kò Gbọdọ̀ Hàn

Ẹ wò ó, mi ò mutí rí láyé mi, àmọ́ ẹni tó bá rí mi láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò yẹn á ní mo ti yó bìnàkò. Aago mẹ́fà ò tíì lù tí mo ti dé gbọ̀ngàn ìjọ wa, mo gbá àpótí ìbò mọ́yà, mo sì ń rẹ́rìn-ín láìnídìí.

Tíṣà ìṣirò ni mí. Àjọ elétò ìdìbò ló ní kí n bójú tó ìbò àdúgbò wa, inú gbọ̀ngàn ìjọ tí mo ti ń kọrin láti kékeré ni wọ́n sì ní ká ti dì í, torí kò síbòmíì tó fẹ̀ tó o. Ìyẹn ì bá má burú. Àmọ́ Pásítọ̀ wa fúnra wọn ń du ipò alága kánsù! Wọ́n ṣèlérí pé àwọn pásítọ̀ ni yóò máa jókòó ní kánsù, pé ẹni tí kò bá ní lẹ́tà ìjọ ò ní ríṣẹ́ ìjọba ṣe mọ́. Nọ́ọ̀sì kan ló ń bá wọn du ipò náà. Òun ní kí ìjọ máa ṣe ti ìjọ, kí kánsù lọ tún afárá ṣe. Òfin sì wí pé ẹni tó ń du ipò ò gbọdọ̀ polongo ara rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dìbò, àwòrán rẹ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ hàn níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí ẹyọ kan péré, gbogbo ìbò ibẹ̀ dòfo.

Ẹ má rò pé ìdẹ́rùbà lásán ni o. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, òjò ń rọ̀, obìnrin kan ṣí agboòrùn tí wọ́n ya ojú olóṣèlú sí wọlé, wọ́n sì da ìbò àdúgbò wa nù. Lẹ́yìn ìyẹn, afárá wa já. Nígbà tí a lọ bá alága kánsù, wọ́n ṣí ìwé wọn, wọ́n ní àwọn ò rí wa níbẹ̀, àwọn ò mọ̀ wá rí. Ọdún mẹ́rin lèmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi fi ń gba inú omi lọ sílé ìwé, bàtà lọ́wọ́. Mo wá búra pé lọ́tẹ̀ yìí, iye ìbò wa máa wà lára ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn yẹn nírọ̀lẹ́, kódà bó bá jẹ́ eyín ni màá fi lẹ̀ ẹ́.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́, tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn, ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo tan iná. Yéè! Pásítọ̀ níwájú, Pásítọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n wà lára kàlẹ́ńdà. Wọ́n wà nínú aago ògiri, ọwọ́ aago ń jáde látinú imú wọn. Wọ́n wà lẹ́yìn gbogbo àga, lára abẹ̀bẹ̀, lára ife omi. Ẹnì kan tiẹ̀ lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé kí àwọn èèyàn má bàa máa tọ̀ síbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, ẹ gbà mí o, Pásítọ̀ tí wọ́n fi pákó gé ló dúró, ó ga tó èèyàn, eyín ń dán, wọ́n kọ "Kí Ìjọ Jọba Nílùú" sí i láyà.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò yọ wọ́n? Ṣebí àjọ ti kọ lẹ́tà ránṣẹ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì!"

"Lẹ́tà dé," ni Bàbá wí. "Pásítọ̀ gbé e sórí pẹpẹ, a gbàdúrà lé e lórí. Wọ́n ní ìdáhùn ń bọ̀."

"Èmi ni ìdáhùn náà. Ẹ wá aṣọ wá, Bàbá, ẹ wá ìwé ìròyìn wá!"

Ẹ̀rù ba Bàbá. Wọ́n ní ṣé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kéèyàn bo ojú ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Mo ní Ọlọ́run ò du ipò kankan níbí, mo ti wo ìwé ìdìbò dáadáa, orúkọ Rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Bàbá ronú díẹ̀, wọ́n lọ gbé ìwé ìròyìn.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Màá nàka, màá pariwo: "Bàbá, ẹ bò ó!" Bàbá á bò ó, wọ́n á sì tẹrí ba fún àwòrán náà: "Ẹ má bínú, sà." "Bàbá, ẹ bò ó!" "Ẹ má bínú, sà." Nígbà tí a fi máa dé orí ife kẹtàlélógún, ẹ̀rín ti gbé mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín gbé Bàbá náà, ni wọ́n bá tún ń bẹ ife torí ẹ̀rín. Àwọn àga, ńṣe la kọ gbogbo wọn sí ògiri bí ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ. Aṣọ funfun ńlá tí wọ́n fi ń bo dùùrù la dà bo Pásítọ̀ onípákó.

Aago mẹ́jọ lù, ìlà ti gùn dé títì. Olùyẹ̀wò tí àjọ rán wá dé, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ̀rín ò mọ ọ̀nà ilé wọn, ìwé òfin lọ́wọ́. Wọ́n yí gbọ̀ngàn po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wo aago tí a fi ìwé ìròyìn wé, wọ́n ní ó dáa. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ẹ̀ dì mọ́ wọn.

Aago mẹ́wàá ni Pásítọ̀ wọlé, ẹ̀wù ìwàásù lọ́rùn, káàdì ìdìbò lọ́wọ́. Ẹ̀tọ́ wọn ni, àwọn náà forúkọ sílẹ̀ níbí. Wọ́n tò sórí ìlà wọ́ọ́rọ́wọ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n rí gbogbo ọmọ ìjọ wọn nínú gbọ̀ngàn wọn, tí gbogbo ojú ń wò wọ́n, ara wọn ò gbà á mọ́. Wọ́n kúrò lórí ìlà, wọ́n gun pẹpẹ, wọ́n gbọ́wọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà!"

Gbogbo èèyàn dijú. Ẹ̀yin èèyàn mi, láti inú gbọ̀ngàn títí dé títì, wọ́n dijú! Ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà dijú. Ẹni tó fẹ́ tẹ̀ka sórí ìwé ìdìbò gbé ìka dúró, ó dijú. Èmi gan-an ti di ojú kan kí n tó rántí ara mi. Olùyẹ̀wò nìkan lojú wọn là, wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa, wọ́n ń ka àwọn tó wà lórí ìlà. Bí wọ́n bá yíjú padà bá ẹni tó ń du ipò lórí pẹpẹ, tó ń gbàdúrà fún ìbò ara rẹ̀, a tún di àdúgbò tí wọn ò mọ̀ rí nìyẹn.

Pásítọ̀ yìí ló ṣe ìrìbọmi fún mi, àwọn ló sin bàbá mi. Ó yẹ kí n sọ pé, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀." Mo lanu. Ohun tí ẹnu mi ti ń sọ láti àárọ̀ ló jáde.

"Bàbá, ẹ bò ó!"

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ò bèsù bẹ̀gbà. Wọ́n fa aṣọ funfun kúrò lórí Pásítọ̀ onípákó, wọ́n dà á bo Pásítọ̀ ẹlẹ́ran ara látorí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà."

Ṣé ẹ rí wàhálà? Ẹni tó ń mí ti fara pamọ́, pákó ló wá ń yọ eyín sí gbogbo ayé! Mo sáré gun pẹpẹ, mo fẹ̀yìn ti pákó náà, mo fọwọ́ méjèèjì fẹ síkẹ́ẹ̀tì mi. Ìgbà yẹn ni olùyẹ̀wò yíjú padà.

"Kí nìyẹn?" Wọ́n na bírò sí aṣọ funfun tó dúró lórí pẹpẹ.

"Olùdìbò ni, mà."

Ọwọ́ kan yọ lábẹ́ aṣọ, káàdì ìdìbò wà nínú ẹ̀. Ohùn kan tẹ̀ lé e, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Mo forúkọ sílẹ̀ níbí, mà."

Olùyẹ̀wò ṣí ìwé òfin. Wọ́n ṣí i síwájú, wọ́n ṣí i sẹ́yìn. "Òfin ò ní kí olùdìbò má daṣọ borí," ni wọ́n wí. "Ìwọ ńkọ́, kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, mà. Mo ń nà án."

Bí wọ́n ṣe jáde lọ wo ìlà báyìí, Bàbá wọ́ pákó náà gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Mo di Pásítọ̀ lọ́wọ́ mú sọ̀kalẹ̀, mo ká etí aṣọ kí n lè fi ojú wọn wé ti orí káàdì. Mo rò pé wọ́n máa fọ́ mi létí ni. Èjìká wọn ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni, ẹ̀rín ń pa Pásítọ̀! "Tíṣà," ni wọ́n ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "fà mí lọ ò, mi ò ríran."

Nírọ̀lẹ́, mo ka ìbò sókè ketekete, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì ní ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlá. Pásítọ̀ ní igba ó lé ogójì. Olùyẹ̀wò fọwọ́ sí i, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, ariwo sọ. Àwọn tó dìbò fún Pásítọ̀ gan-an ń fò sókè, torí nọ́ńbà wa rèé, dúdú lórí funfun, kò sí alága tó máa ní òun ò mọ̀ wá mọ́. Mo sunkún, mi ò ní parọ́.

Nígbà tí èrò ti tú ká, Pásítọ̀ padà wá láwọn nìkan, wọn ò wọ ẹ̀wù ìwàásù mọ́. Wọ́n ka ohun tó wà lára ilẹ̀kùn, wọ́n tún un kà, wọ́n wá jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlá. Tíṣà, gbogbo wọn ló ń ṣe 'Àmín' fún mi lọ́jọ́ ìsìn."

"Wọ́n á tún ṣe é lọ́la, sà. Inú wọn ló sì ti ń wá."

Wọ́n mi orí. Wọ́n wá gbójú sókè wò mí. "Ìwọ ńkọ́? Ta lo dìbò fún?"

Ẹ gbọ́ o. Kò sóhun tí ọkùnrin yìí ò mọ̀ nípa mi. Àwọn ni mo lọ jẹ́wọ́ fún nígbà tí mo jí ẹran nínú ìkòkò ìyá mi. Àwọn ni mo kọ́kọ́ sọ fún pé mi ò ní fẹ́ ọkùnrin tí bàbá mi ń fẹ́ fún mi. Kí wọ́n béèrè, kí n dáhùn, ó ti mọ́ mi lára. Orúkọ ẹni tí mo dìbò fún ti dé ètè mi. Mo pa ẹnu dé mọ́ ọn, ayọ̀ kan sì gba gbogbo ara mi, bí ìgbà tí mo kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ láìsẹ́ni tó dì mí mú.

Mo kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì.

"Ẹ má bínú, sà," mo ní. "Ìyẹn ò kàn yín."

Pásítọ̀ ò rántí ní kí n dìde, ni mo bá dìde fúnra mi.